Kí Ló Dé Tí Sípánà Afẹ́fẹ́ Mi Kò Lágbára Tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra impact wrench (sípánà afẹ́fẹ́ tí ń fi ìlù tú nọ́ọ̀tì) alágbára oní-ìdajì ínṣì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì táyà kì í yé borí rẹ̀. Géèjì kọ̀mpírẹ́sọ̀ mi ń ka 120 psi (psi ni a fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì). Ṣé kí n gbé e dé 150 ni, àbí kí n ra sípánà mìíràn?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, àwọn tí ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n sáà máa yí rẹ́gúlétọ̀, ohun tí a fi ń dín tàbí fi kún agbára afẹ́fẹ́, sókè ni wọ́n sì ń ba irinṣẹ́ onírinṣẹ́ jẹ́. Iye tí ẹ ń kà lára táǹkì jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò tíì lọ síbì kankan. 90 psi tí ó sábà máa ń wà nínú ìwé irinṣẹ́ báyìí, ẹnu irinṣẹ́ náà gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ni wọ́n ń wí, nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí àgbá omi bá kún fọ́fọ́, tí ẹnu páìpù rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ìgbà wo ni garawa yóò kún?

Ẹ wá géèjì kékeré kan, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí hóòsì ti wọ inú sípánà, kí ẹ sì tẹ tírígà mọ́lẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Mo ṣe é lójú oníbàárà kan rí: 110 ni géèjì ń kà kí n tó tẹ tírígà, bí mo sì ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọwọ́ géèjì já wálẹ̀ sí 60. Hóòsì rẹ̀ ni ó jẹ́ olóṣì. Onílílọ́ bí ìgbín ni, inú rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 6 lọ.

Inú hóòsì ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá kúrò ní ìdámẹ́rin ínṣì bọ́ sí ìdámẹ́jọ mẹ́ta ínṣì, tí í ṣe nǹkan bíi mìlímítà 10, àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá yóò ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí hóòsì náà má gùn ju bí iṣẹ́ ṣe béèrè lọ. Àwọn irin ìsopọ̀ tí ń dún kẹ́ bí a bá tì wọ́n wọlé ń kọ́? Bí ihò inú wọn bá há, owó hóòsì ńlá ti wọ igbó.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré pàápàá lè ṣe iṣẹ́ táyà, nítorí pé nọ́ọ̀tì kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹ sáà ní sùúrù kí táǹkì tún kún. Ní ti 150 psi, tí sípánà yín kò bá gbà á, òòlù inú rẹ̀ lè sán, hóòsì sì lè bẹ́ mọ́ yín lójú. Ohun tó wà nínú ìwé irinṣẹ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí pé èmi kò rí i.

Ẹ máa kán ọ́ìlì irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ bíi ẹ̀kán mélòó kan sí ẹnu sípánà náà kí iṣẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tú omi inú táǹkì dànù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì (orí irin tí ń bo nọ́ọ̀tì) dúdú tó nípọn ni kí ẹ lò. Èyí tó ń dán yinrinyinrin lè fọ́ yángá, nítorí náà ẹ wọ awò ààbò. Irin àfikún gígùn tí ẹ fi sáàárín sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ nínú agbára náà.

Bí géèjì bá dúró ní 90 nígbà tí tírígà wà ní títẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kò sì yí, ó lè jẹ́ pé àwọn pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń tì nínú mọ́tò sípánà ti jẹ, tàbí pé ìpẹtà ti mú nọ́ọ̀tì náà. Nígbà náà ni kí ẹ gbé sípánà lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì fi ọ̀pá gígùn tú nọ́ọ̀tì yín.