Títí dé ibo la ó pín 2147483647?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tíṣà ìṣirò ni mí ní Ọ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní SS2 kọ 2147483647 sójú bọ́ọ̀dù, ó ní práìmù ni, pé àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù. A fi 2, 3, 5, 7 pín in títí dé 47, ó ń ṣẹ́kù ṣáá. Ibo la máa dúró sí? Kalikulétọ̀ nìkan la ní.

Ìdáhùn: Òótọ́ lọmọ náà sọ, ẹ bá mi kí i. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ sì ti bá nọ́ńbà yìí jà dáadáa.

Ẹ máa dúró ní 46340. Bí a bá sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀ tó fi di 2147483647, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ò ní ju 46340 lọ, torí 46341 lọ́nà 46341 ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n práìmù 4,792 ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Kíláàsì wo ló ráyè ìyẹn?

Ọ̀nà àbùjá wà, òun gan-an ló wù mí kẹ́ ẹ kọ́ wọn. Ẹ to 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ yọ 1: nọ́ńbà wa nìyẹn. Nítorí pé 31 jẹ́ práìmù, ohun tí Fermat ará Faransé kọ ní 1640 jẹ́ ká mọ̀ pé práìmù yòówù tó bá máa pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 tá a bá fi 62 pín òun náà. Ẹ fi kékeré hàn wọ́n ná. Ẹ to 2 mọ́kànlá, ẹ yọ 1, ó di 2047, ìyẹn 23 lọ́nà 89. Ẹ fi 22 pín 23, ẹ fi pín 89, 1 ló ń ṣẹ́kù. (Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé 11 jẹ́ práìmù, síbẹ̀ 2047 kì í ṣe é. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti máa ń kánjú.)

Òfin kejì tún wà: tá a bá fi 8 pín práìmù náà, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, á jẹ́ pé èyí tó ń ṣẹ́ku 1 tàbí 63 tá a bá fi 248 pín in nìkan lẹ máa dán wò. Wọn ò tó 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni 3, 5 tàbí 7 sì máa gbé lọ. Báyìí ni Euler, onímọ̀ ìṣirò, ṣe é ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán.

311 ni práìmù àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bá pàdé. 6905092 lọ́nà 311 jẹ́ 2147483612, ó ṣẹ́ku 35, kò pín in. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 1303. Ẹ má lo kalikulétọ̀ àwọn oníṣòwò tí ojú rẹ̀ ò gbà ju fígọ̀ mẹ́jọ lọ. Mẹ́wàá ni nọ́ńbà yìí.

Práìmù tó tóbi jù tá a mọ̀, èyí tí Luke Durant rí ní 2024, ní fígọ̀ 41,024,320. Pípín ò lè ká a. Ìdánwò Lucas àti Lehmer ni wọ́n fi ń jẹ́rìí sí irú wọn, ìyẹn 2 tá a tò, tá a sọ di púpọ̀, tá a yọ 1: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń dán wò pín in, ẹ mú èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi 127 dán an wò fún wọn: 4, 14, 67, 42, 111, 0. Òdo yẹn ló jẹ́rìí pé práìmù ni 127.