Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrìn Ẹsẹ̀ Wọ Àfonífojì Mímọ́ Tsum

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún 61 ni mí, Òkè-Fíà níbí ni mo sì ń gbé. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé a kì í pẹja nínú odò Ọ̀ṣun bí ó ti ń gba inú igbó mímọ́ wa kọjá, a kì í sì í dọdẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé àfonífojì kan wà láàárín àwọn òkè Himalaya ní ilẹ̀ Nepal, tí wọ́n ń pè ní Tsum, tí àwọn ará ibẹ̀ búra pé àwọn kò ní pa ẹranko kankan, ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ mi sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá á tó fún àlọ àti àbọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Àwọn ìwé wo la sì nílò?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù ìdáhùn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí: ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú fún ìrìn àjò yìí kí ẹ tó tọ́jú owó. Ọjọ́ mẹ́wàá kò tó rárá. Láti Machha Khola, níbi tí jíìpù máa ń já èrò sí lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ gbọọrọ kan láti Kathmandu, ẹ nílò bí ọjọ́ 12 sí 14 láti rìn lọ kí ẹ sì rìn bọ̀. Bí a bá ka ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn, pẹ̀lú ìsinmi ní Kathmandu àti ọjọ́ kan tàbí méjì tí ọ̀nà lè bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ yà sọ́tọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀nà náà jìn nìkan ló fà á. Òṣogbo tiwa yìí kò fi ju nǹkan bíi 320 mítà lọ ga ju òkun. Machha Khola náà kò ju nǹkan bíi 900 mítà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ọ̀nà ẹ̀bá odò Budhi Gandaki sílẹ̀ ní ìtòsí Lokpa tí ẹ kọrí sí Tsum, òkè ni ẹ ó máa gùn lọ: Chumling wà ní nǹkan bíi 2,400 mítà, Chhekampar ní nǹkan bíi 3,000, Mu Gompa, ilé àwọn mọ́ńkì tó wà lápá òkè pátápátá nítòsí ààlà Tibet, sì wà ní nǹkan bíi 3,700. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, ó sì máa ń gba ara ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ bí yóò ṣe fi ìwọ̀nba tó rí ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà máa ń fún àwọn tó ń gun òkè ni pé, bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí yóò sùn lónìí kò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kí ó sì fi odidi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan nínú yín, tí oúnjẹ kò wọlé mọ́ tàbí tí ó ń bì, kí ẹ má gòkè sí i títí yóò fi fúyẹ́. Bí ó bá wá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dàrú, tàbí tí èémí rẹ̀ ń já nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ tí ìgbín fi ń gun igi, ìlànà ìwòsàn ni lórí òkè yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tí agbára ń gùn tí wọ́n sì ń sáré ṣíwájú kò bọ́ lọ́wọ́ àìsàn yìí, nítorí náà, kí ọjọ́ orí yín má dẹ́rù bà yín jù. Àǹfààní ni ìrìn àgbà jẹ́ níbẹ̀.

Fún ẹsẹ̀ àti orúnkún, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì máa lọ gun ìpele ìtàkìtì omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ẹ mọ̀ dájú pé èyí á mú ẹsẹ̀ yín le, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹ̀dọ̀fóró yín ní afẹ́fẹ́ òkè, nítorí a kò ní ilẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ nítòsí.

Ní ti ìbúra tó fà yín lọ́kàn mọ́ra, ọdún 1920 ni àwọn ará Tsum ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, Shyagya ni wọ́n sì ń pè é. Wọn kì í pa ẹran, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í dẹ pàkúté, wọn kì í fa oyin, wọn kì í sì í dáná sun igbó. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Tibet ka ibẹ̀ sí beyul, èyí tí í ṣe àfonífojì tí a fi pa mọ́ láti jẹ́ ibi ààbò ní ìgbà wàhálà, gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ wọn nípa Padmasambhava, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn ní ayé àtijọ́. Wọ́n tún ń fi ihò àpáta kan hàn níbẹ̀ tí wọ́n gbà pé Milarepa, akéwì àti ẹni mímọ́ ilẹ̀ Tibet, ti gbé ṣe àṣàrò. Ọdún 2008 ni ìjọba Nepal ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà fún àlejò láti òkèèrè. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀bá igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí àwọn èèyàn fi lè yan ibì kan kí wọ́n sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ẹran gbígbẹ àti pánlá sílé. Gàrí àti kúlíkúlí tó fún ọwọ́ yín. Ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtìlì, pòtétò àti ìyẹ̀fun ọkà bálì tí wọ́n yan ni ẹ ó máa bá lọ́nà.

Oṣù Ògún ni ọdún Ọ̀ṣun, àkókò yẹn gan-an sì ni òjò ń rọ̀ jù ní Nepal. Láti Òkúdu títí wọ Ọ̀wẹ́rẹ̀ ni òkè máa ń ya lu ọ̀nà tí omi sì ń gbé afárá lọ. Ẹ dúró di oṣù Ọ̀wàrà tàbí Bélú, tàbí kí ẹ sún un sí Ẹrẹ́nà títí di Èbìbí. Ọ̀ràn òkè tó ń ya yìí kì í ṣe kékeré: agbègbè Gorkha tí Tsum wà nínú rẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì tìtì ní ọjọ́ 25, oṣù Igbe, 2015, tí nǹkan bí 9,000 èèyàn sì kú ní Nepal.

Ní ti ìwé, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn àlejò a máa gba físà ní pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á ní ẹ́ḿbásì Nepal kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání. Àlejò kò lè dá rìn wọ Tsum: ilé iṣẹ́ ìrìn àjò tó forúkọ sílẹ̀ ní Nepal ló ń bá èèyàn gba ìwé àṣẹ, amọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Iye tí a mọ̀ fún ìwé àṣẹ Tsum ni 40 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti Ọ̀wẹ́rẹ̀ sí Bélú, àti 30 dọ́là ní àwọn oṣù yòókù. 3,000 rúpì, owó Nepal, tún wà fún ọgbà ìdáàbòbò Manaslu tí Tsum wà nínú rẹ̀. Ẹ bi ilé iṣẹ́ náà léèrè bóyá ó ti yí padà kí ẹ tó sanwó. Ẹ ra ìwé adójútòfò tó sọ ní kedere pé òun á san owó hẹlikọ́pítà láti orí òkè, kí ẹ sì ṣẹ́ owó rúpì ní Kathmandu, nítorí kò sí ẹ̀rọ ATM nínú àfonífojì náà.

ÌBÉÈRÈ: Jẹ́nótáìpù AS ni mí. Mo fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ gun òkè ní Nepal. Ṣé kò léwu? (Ọ̀dọ́mọkùnrin, Àlékúwodò)

ÌDÁHÙN: Inú wa dùn pé ẹ béèrè, nítorí àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nípa òkè Himalaya kì í sábà mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ni AS. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Síbẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn lè yí padà bí ti ẹni tó jẹ́ SS, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì. Ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó sanwó kankan, ẹ sọ fún amọ̀nà yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sáré. Bí ìhà òsì bá ń dùn yín gan-an lókè ibẹ̀, ẹ má rò pé inú rírun lásán ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà. Ẹni tó bá jẹ́ SS, a bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni mí. Bí mo bá dé ilé àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, kí ló yẹ kí n ṣe tí kò ní jẹ́ pé mo bá wọn sìn, tí kò sì ní jọ ìwọ̀sí? (Alhaja, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Alhaja, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ sìn. Ẹ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ya fọ́tò láìtọrọ àyè, ẹ má sì na ẹsẹ̀ sí ọ̀kánkán ère tàbí sí mọ́ńkì. Lójú ọ̀nà, ẹ ó rí ògiri gígùn tí wọ́n fi òkúta tí wọ́n fín àdúrà sí mọ. Ẹ gba apá òsì rẹ̀ kọjá kí ògiri náà lè wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni onílé ń ṣe. Rachen Gompa, níbi tí àwọn mọ́ńkì obìnrin ń gbé, ni a rò pé ara á ti tù yín jù. Bí ẹ bá bá wọn lórí àdúrà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà títí wọn yóò fi parí, kí ẹ tó wá kí wọn pé “tashi delek”, tí í ṣe ìkíni wọn.