Mo fẹ́ di ọpirétọ̀ kíréènì l'Óṣogbo, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ni mí, l'Óṣogbo níbí, ọmọ ọdún 24. Ọ̀kadà ni mò ń gùn báyìí ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Iṣẹ́ àwọn tó ń wa katapílà àti kíréènì wù mí gan-an, kíréènì ló wá wù mí jù. Ẹnì kan ní kí n mú owó wá, òun á kọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun á fún mi ní sátífíkéètì, mo dẹ̀ máa ríṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣé kí n san owó yẹn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì san nǹkan kan o. Mi ò mọ ẹni yẹn, mi ò lè pè é lólè, ṣùgbọ́n bi í pé ẹ̀rọ wo lo máa jókòó lé, wákàtí mélòó lo dẹ̀ máa fi wà á. Tó bá jẹ́ inú yàrá ló ti fẹ́ fi fídíò kọ́ ẹ tán, tọ́jú owó ẹ. Sátífíkéètì dáa, kọ́ńpìnnì ńlá máa ń bèèrè ẹ̀, àmọ́ fọ́máànù tó mọṣẹ́ á kàn ní kó o gun orí ẹ̀rọ ni, kò ní pẹ́ rárá tó fi máa mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n wà àbí o ò mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, NCCCO tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọpirétọ̀ kíréènì, èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé wà, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀rọ náà wà, ọdún 5 dẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí yẹn ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe wọṣẹ́ yìí ni pé a ṣọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá kan. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ dé sáìtì láàárọ̀, wàá yẹ ọ́ìlì wò, wàá yẹ omi wò, wàá fa gíríìsì sí gbogbo píìnì apá ẹ̀rọ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ojoojúmọ́ ni o. Wàá wo míítà, torí katapílà kì í ka kìlómítà bíi mọ́tò, wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ ló ń kà, tó bá ti tó bíi wákàtí 250, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti fẹ́ sáfíìsì nìyẹn. Tí họ́ọ̀sì bá ń jo, má fọwọ́ wá ojú ibẹ̀ láéláé, ọ́ìlì inú ẹ̀ le débi pé ó lè gún awọ èèyàn wọlé, páálí ni kó o fi wá a. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń rò pé ìyà lásán ni ọ̀gá fi ń jẹ àwọn, wọ́n fẹ́ di lífà mú lọ́jọ́ kìíní. Inú gíríìsì yẹn lo ti máa mọ ìró ẹ̀rọ tó yá àti ìró èyí tó fẹ́ dákú.

Má fi kíréènì bẹ̀rẹ̀. L'Óṣogbo àti agbègbè wa, ẹskafétọ̀ tó ń gbẹ́ ilẹ̀, pelóda tó ń kó yẹ̀pẹ̀ àti gréda tó ń tẹ́ ojú títì ló níṣẹ́ jù, títì wà, gọ́tà wà, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà, ọ̀nà Ilẹ́ṣà lọ́hùn-ún náà kọ́ńpìnnì awakùsà Segilola ti ń yọ wúrà láti 2021. Lífà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹskafétọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tòsì ló ń yí kábíìnì tó dẹ̀ ń na apá kékeré lọ bọ̀, tọ̀tún ló ń gbé apá ńlá sókè sódò tó dẹ̀ ń ká bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé. Àwọn kan wà tó yàtọ̀, apá ńlá wà lósì, torí náà ẹ̀rọ tí o ò bá wà rí, rọra dán lífà kọ̀ọ̀kan wò níbi tí ò sí èèyàn. Tó o bá fẹ́ rìn, kọ́kọ́ wá wíìlì eléyín ńlá tó ń fa ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ ló yẹ kó wà. Tí kábíìnì bá ti yí, tó jẹ́ pé iwájú ẹ ni eléyín yẹn wà, tó o bá ti lífà ìrìn síwájú, ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ máa gbà lọ, ẹni tó dúró síbẹ̀ ò ní mọ ohun tó kọlu òun.

Kíréènì wá ńkọ́? Ọwọ́ kọ́ ló le níbẹ̀, ìṣirò ni. Wọ́n á kọ tọ́ọ̀nù 25 sí i lára, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ibi gbogbo ló ti lè gbé 25. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtòsí ara ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bíi mítà 3 péré, nígbà tí gbogbo ẹsẹ̀ irin tó fi ń dúró ti nà tán, ibẹ̀ nìkan ló ti lè gbé e. Bí ẹrù bá ṣe ń jìnnà ni agbára ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tó bá fi máa dé mítà 20, ó lè má gbé ju tọ́ọ̀nù 2 sí 3 lọ, húùkù àti sílíǹgì, ìyẹn okùn tí wọ́n fi so ẹrù, wà nínú iye yẹn o. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ṣáàtì inú kábíìnì, ìwé tí wọ́n kọ iye tó lè gbé sí, kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á kó o tó kọ́ ohunkóhun míì. Wo ilẹ̀ pẹ̀lú, má tẹ́ ẹsẹ̀ kíréènì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, sórí sokewéè, tàbí sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yẹ̀pẹ̀ kún.

Kó o tó débẹ̀, ṣe rígà ná, ẹni tó ń so ẹrù tó dẹ̀ ń fọwọ́ júwe fún ọpirétọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń júwe, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá pariwo pé dúró, ì báà jẹ́ ìyá tó ń ta ìrẹsì ní sáìtì, kí ọpirétọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni wáyà iná. Ìlú wa yìí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, wáyà 330kV ń kọjá lókè, 33kV àti 11kV wà ládùúgbò. Iná yẹn ò nílò kó o fara kàn án, ó lè fò wá bá apá kíréènì. Tí apá bá lọ kan wáyà, jókòó sínú kábíìnì, kígbe kí gbogbo èèyàn sá jìnnà, má sọ̀ títí wọ́n á fi pa iná yẹn. Àfi tí ẹ̀rọ bá ń jó nìkan, nígbà yẹn fi ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó o fò jìnnà, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ bí ẹsẹ̀ ẹ bá ṣe ń kan ilẹ̀, kó o wá máa fi ẹsẹ̀ wọ́ tuurutu kúrò níbẹ̀.

Láísẹ́ǹsì Road Safety fún ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀, kílàásì H ni. Lọ yẹ ojú ẹ wò náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lọ sí sáìtì títì tó bá sún mọ́ ẹ, nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, kì í ṣe láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń kánjú. Má bá gádì ẹnu géètì sọ̀rọ̀ lọ títí, ọpirétọ̀ gan-an ni kó o bá. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí i, sọ pé o fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ àti pé o lè fa gíríìsì. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá lé ẹ, lọ bá òmíì. Má dẹ̀ ta ọ̀kadà ẹ o, owó tí wọ́n ń fún ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ò tó jẹun, ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sọ́ńdè wàá ṣì máa rí nǹkan pa lórí ẹ̀.