Èsì: Ìdí tí wọ́n fi ń yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù yín

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní bàbá yín tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2001 kò dá kọ́bọ̀, wọ́n sì ń gba owó. Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ tiyín?

Òfin ló yí padà. Láyé tiwọn, àpò ìjọba nìkan lowó náà ti ń wá. Gbèsè wá pọ̀, àwọn àgbàlagbà ń tò sórí ìlà kiri. Ìyẹn ló bí òfin 2004, tó ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀: ìdá 7.5 nínú 100 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, iye kan náà láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Òfin 2014 sọ ọ́ di 8 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ àti 10 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú òfin 2004, bíi bàbá yín, ṣì wà lórí ètò àtijọ́.

Àwọn aláró àti alátẹ wa ní Òṣogbo níbí ló ń dùn mí jù. 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn bíi tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ní agbanisíṣẹ́ tí yóò bá wọn fi nǹkan kún un. Ó yẹ kí ìjọba bá wọn fi nǹkan kún un.

Ní tiyín, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín, kí ẹ wò ó bóyá owó agbanisíṣẹ́ ń wọlé lóṣooṣù.