Ṣéènì eléyín: bí olùkọ́ ajá bá ní dandan ni, tí ọkàn yín kò sì gbà á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ajá Alsatian kan ni mo ń sìn ní Ìbàdàn. Akọ ni, ó ti pé oṣù mẹ́wàá. Bí mo bá mú un jáde, ṣe ni ó máa ń wọ́ mi lọ. Mo san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún olùkọ́ ajá kan kí ó bá mi kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n náà mú ṣéènì kan wá tí ó ní eyín irin nínú, ó fi sí ajá náà lọ́rùn, ó sì fà á gbùà. Ajá mi ké. Mo ní n kò fẹ́ ẹ, ó sì dá mi lóhùn pé ajá ńlá kì í gbọ́ràn láìsí èyí, àti pé bí n kò bá fi hàn án pé èmi ni ọ̀gá, yóò gun orí mi. Ó dàgbà jù mí lọ, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Nísinsin yìí, bí ajá bá ti gbọ́ ìró ṣéènì yẹn, abẹ́ tábìlì ni yóò sá lọ. Ṣé èmi ni mo ń kẹ́ ẹ jù ni? Báwo ni mo ṣe lè bá ẹ̀gbọ́n yìí sọ̀rọ̀ láìrí i fín?

ÌDÁHÙN: Ẹ kò kẹ́ ẹ jù. Ajá tí ó ń sá sábẹ́ tábìlì nítorí ìró ṣéènì ti dáhùn apá kan nínú ìbéèrè yín fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbà fún ẹ̀gbọ́n náà níbi tí ó ti tọ́. Akọ ajá Alsatian tí ó bá dàgbà tán máa ń wọ̀n tó kílò 30 sí 40, bí irú rẹ̀ bá sì fa ènìyàn bọ́ sí títì níwájú Máíkírà tí ń sáré bọ̀, ọ̀ràn ńlá ni. Òótọ́ sì ni pé ṣéènì eléyín lè dá fífà dúró, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Bí ajá bá fà, àwọn eyín irin náà yóò pa pọ̀, wọn yóò sì fún awọ ọrùn rẹ̀ mọ́ àárín. Bí ó bá dẹwọ́, ìrora yóò dẹwọ́. Bí a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìrora nìkan ni ajá ń kọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì fi ibi tí ó yẹ kí ó máa rìn hàn án.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ajá kì í sábà so ìrora náà mọ́ ohun tí a fẹ́ kí ó so ó mọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ ń wò nígbà tí irin gún un ni ó lè dá lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré kan ni ó ń sáré lọ bá kí wọ́n jọ ṣeré nígbà tí ẹ fa ṣéènì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé bí ọmọdé bá ti yọ, ọrùn yóò dun òun. Mo ti rí ajá tí ó ń ju ìrù sí gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń gbó mọ́ gbogbo ọlọ́kadà ní oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbé irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n ni ín wá bá mi pé kí n júwe ṣéènì tí ó le ju ìyẹn lọ fún àwọn.

Ọrùn náà kì í sì í ṣe ibi tí a ń fi ṣeré. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Nínú ooru bíi tiwa, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni ó fi ń mí ooru ara jáde, ibẹ̀ gan-an ni a sì ń fún. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2006 fi hàn pé bí ajá bá ń fa ọrùn mọ́ kọ́là, ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ ń ga sókè, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì àyà ni ó wọ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Potogí ṣe àkíyèsí ajá 92 láti ilé ẹ̀kọ́ ajá méje. Àwọn tí wọ́n ń fi ìrora àti ìjayà kọ́ ń yán, wọ́n ń lá ètè, wọ́n sì ń ba mọ́lẹ̀ ju àwọn tí wọ́n ń fi oúnjẹ àti eré kọ́ lọ. Kọ́tísọ̀lù inú itọ́ wọn, èyí tí ara máa ń tú jáde nígbà ìnira, sì ga sí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbọ̀ jáde lórí ajá 63 tí kì í fẹ́ dáhùn ìpè, kọ́là oníná (èyí tí ń fi iná mànàmáná gbọ̀n ajá lọ́rùn) kò sì ṣiṣẹ́ ju fífi oúnjẹ kọ́ wọn lọ. Kọ́là oníná ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, kì í ṣe ṣéènì eléyín, ṣùgbọ́n àwíjàre kan náà ni wọ́n máa ń ṣe fún méjèèjì: pé láìsí òun, ajá kan kò ní gbọ́ràn. Ní Jámánì, òfin ti ka ṣéènì eléyín léèwọ̀ nínú kíkọ́ ajá láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ní ti Nàìjíríà, abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ṣéènì kankan, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni ajá ni ìpinnu wà.

Ní ti pé yóò gun orí yín, ọ̀rọ̀ ìkookò, ìbátan ajá nínú igbó, ni wọ́n fi ń ti èyí lẹ́yìn. Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ̀wé ní 1947 nípa ìkookò tí wọ́n sé mọ́ ọgbà ẹranko ní Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn du ipò. L. David Mech, onímọ̀ ìkookò ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ ti 1970 tan èrò náà kálẹ̀, ni ó padà wá tún èrò náà ṣe ní 1999, ó ní nínú igbó, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ajá yín kò du oyè kankan. Ọ̀dọ́ ni, ìta kún fún òórùn, nígbàkígbà tí ó bá sì fà, ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ lé e. Èrè tí ó ń rí nìyẹn.

Ẹ má ṣe bá ẹ̀gbọ́n náà jiyàn níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ tètè dé, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ṣókí: “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ rírì iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣéènì eléyín lọ́rùn ajá mi mọ́. Bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn, mo ṣetán láti máa ṣe é nílé lójoojúmọ́.” Ẹ má ka àwọn ìwádìí tí mo sọ lókè sí i létí, ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í fẹ́ kí oníbàárà wá máa kọ́ òun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: bí ajá bá ṣe é dáadáa, kí ni yóò rí gbà? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé a kò ní fa ṣéènì nìyẹn, ẹ béèrè owó ọ̀sẹ̀ tí ó kù, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Bí ó bá sì gbà, ẹ dúró tì í. Ó lè mọ nǹkan púpọ̀ nípa ajá tí ṣéènì kò jẹ́ kí ó fi hàn yín.

Nílé, ẹ ra bẹ́líìtì àyà tí òrùka tí a ń so okùn mọ́ wà níwájú, àti okùn tí ó tó mítà méjì. Ẹ bọ ẹdọ̀ adìẹ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i (àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́), kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ìka kékeré. Inú ọgbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó yọ. Bí okùn bá dẹ̀, tí ajá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ní “O káre!”, kí ẹdọ̀ sì dé ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ itan yín gan-an, kì í ṣe níwájú, torí ibi tí oúnjẹ bá ti ń jáde ni yóò fẹ́ máa wà. Bí okùn bá le, ẹ dúró bí òpó títí yóò fi bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè má dé géètì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní oúnjẹ ń ba ajá jẹ́, ẹ rántí àwọn ọdẹ wa tí wọ́n ń fi fèrè pe ajá nínú igbó: ajá náà mọ̀ pé ìpín òun wà nínú ẹran.

Ní alẹ́ òní, ẹ fi ìka ya irun ọrùn rẹ̀ yí ká, pàápàá lábẹ́ àgbọ̀n. Bí ẹ bá rí ojú egbò kéékèèké, tàbí ibi tí ó wú, tàbí bí ó bá ń wúkọ́ nígbà tí ó ń mu omi, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun kan ọrùn náà, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ẹranko ní òwúrọ̀ ọ̀la.