Kí Ló Dé Tí Ilẹ̀ Ń Mì Níbí, Tí Kì Í Mì N'Íbàdàn?

Ẹ kú ilé o. Oakland ní California là ń gbé. Lálẹ́ àná ilẹ̀ mì, ife ń jó lórí tábìlì. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí pé kí ló dé tí ilẹ̀ ò kì í ṣe báyìí nílé màmá àgbà n'Íbàdàn. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, àmọ́ ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Báwo lẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún tiyín?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Hayward, nítòsí yín níbẹ̀, ìsẹ̀lẹ̀ ò tíì mọ́ mi lára.

Ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo po ẹ̀kọ mímu, mo fi sílẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi dì. Mo ní bí awọ yẹn ni ojú ilẹ̀ ayé rí: ó pín sí ègé ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí ọmọ fi ṣíbí méjì ti awọ ojú ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ká jọ, ó ga sókè. Mo ní, "Òkè Himalaya nìyẹn." Íńdíà ló ń ti Éṣíà, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ó tún fa awọ ọ̀hún ya sí méjì, ẹ̀kọ gbígbóná yọ láàárín: Òkun Àtìláńtíìkì nìyẹn, tó ń fẹ̀ sí i bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Ẹ wo máàpù, ẹ ó rí i bí èjìká Brazil ṣe bá kọ́lọ́fín etíkun wa mu. Wọ́n ti so pọ̀ rí, kí wọ́n tó pínyà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. (Ọmọ mi ní ṣé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Bahia ní Brazil nígbà náà. Ká ní èèyàn wà!)

Ẹ kàn sọ fún wọn pé abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe omi bí ẹ̀kọ o. Òkúta ni, gbígbóná ẹ̀ ló jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀.

Àárín ègé ilẹ̀ Áfíríkà n'Ìbàdàn wà, ó jìnnà sí etí ẹ̀. Ó máa ń mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣá. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984. Àmọ́ etí gan-an làwa kọ́lé sí. Ègé Pàsífíìkì ń fara ha ti Amẹ́ríkà kọjá, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́dún. Ibi tó bá há, agbára á máa ṣù jọ níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá já, ife á jó.

Ẹ kó wọn lọ sí Point Reyes, létí òkun California níbí. Ọgbà onígi kan wà níbẹ̀ tó fi bí ilẹ̀ ṣe ya nígbà ìsẹ̀lẹ̀ ńlá San Francisco lọ́dún 1906 hàn: apá kan ẹ̀ fi bíi mítà 5 yẹ̀ kúrò lára èkejì. Àwọn ọmọ mi dúró lẹ́nu ibi tó ti já, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n nawọ́ títí, ọwọ́ ò kanra. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ ò tó máìlì kan.