Ara gbígbóná lẹ́yìn gbígba mùdùnmúdùn: ẹ má fi àgbo fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àbúrò mi tó jẹ́ SS gba mùdùnmúdùn inú egungun (bone marrow) ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Íńdíà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. A ti padà sí Ìkòròdú, àmọ́ rọ́bà tí wọ́n fi sí i láyà, tí oògùn ń gbà wọnú iṣan rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀. Láti alẹ́ àná ni ara rẹ̀ ti ń gbóná tó sì ń gbọ̀n. Màmá wa ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa ni kò mọ́, ká wá àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Onímẹ́dísìn àdúgbò ní ibà (malaria) àti táífọ́ọ̀dù ni. Kí la lè fún un títí di ọjọ́ Ajé tá a máa rí dókítà?

ÌDÁHÙN: Kò sí títí di ọjọ́ Ajé nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ti fèsì fún ẹni tó béèrè lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Nítorí ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ̀ ń béèrè ohun kan náà ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò ní àbùkù. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú B àti C kí wọ́n tó gba ohunkóhun lára rẹ̀. Kòkòrò tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gba mùdùnmúdùn, ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló sábà ti ń wá. Oògùn líle tí wọ́n fi pa mùdùnmúdùn àtijọ́ máa ń bó awọ ẹnu àti ìfun. E. coli àti Klebsiella, àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìfun jẹ́jẹ́, á wá rí ọ̀nà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 àkọ́kọ́, neutrophil, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń kọ́kọ́ kojú bakitéríà, lè wálẹ̀ débi tí kò ní pé 500 nínú microlitre kan. Tó bá gòkè padà, ewu ò tíì tán: cyclosporine tàbí tacrolimus tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá ara jà ṣì ń dín agbára ààbò ara kù. Ọlọ inú ẹni tó jẹ́ SS sì sábà ti bàjẹ́ tipẹ́, ìdí nìyẹn tí penicillin tí wọ́n kọ fún un kò fi gbọdọ̀ já.

Rọ́bà àyà ni ọ̀nà kejì. Bakitéríà Staphylococcus tó wà lórí awọ máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Bí òtútù bá mú ọmọ kété lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì fi omi fọ rọ́bà náà, ẹ fura sí i.

Àgbo kankan kì í fọ ẹ̀jẹ̀. Egbò tá a wú nínú ilẹ̀ ń kó kòkòrò àti olú (fungus) bọ̀, àwọn ewé kan sì máa ń da ìwọ̀n cyclosporine rú nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ dà á nù.

Malaria lè wà lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, àmọ́ rírí malaria kò ní kí bakitéríà má sí níbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal nìkan ò tó láti fi pè é ní táífọ́ọ̀dù. Ẹ má jẹ́ kí onímẹ́dísìn gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí: tí platelet, ìyẹn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ẹran. Parasitámọ̀ á mú ara tutù, kòkòrò á sì máa bí sí i lábẹ́nú. Ẹ má ti tẹmọ́mítà tàbí oògùn kankan bọ̀ ọ́ nídìí.

Tí tẹmọ́mítà bá kà 38.3 lẹ́ẹ̀kan, tàbí 38 fún wákàtí kan, ẹ gbéra. Tó bá ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ẹ gbéra bí ara ò tiẹ̀ gbóná, torí oògùn steroid lè bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ forí lé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Gó-silóò Mile 12 lè jẹ wákàtí mélòó kan, oògùn apakòkòrò sì gbọ́dọ̀ wọ iṣan láàárín 60 ìṣẹ́jú tó bá ti dé iwájú dókítà. Jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ lọ. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún blood culture, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ hàn, láti inú rọ́bà àti láti apá, kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Tí ìgò culture ò bá sí, kí wọ́n má torí ẹ̀ dúró. Oògùn apakòkòrò bíi cefepime, piperacillin-tazobactam tàbí meropenem, dókítà tó wà níwájú rẹ̀ ló máa yàn, èmi ò lè yàn án látibí. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ pe àwọn tó fi mùdùnmúdùn náà sí i lára, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n á gbé e lọ.

Ẹ fi lẹ́tà ilé ìwòsàn, orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ àti èsì culture tẹ́lẹ̀ sínú báàgì kan lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa yọ rọ́bà yẹn. Tí wọn ò bá lò ó mọ́, kò yẹ kó ṣì wà láyà ọmọ.